Ìpàdé Ọ̀sẹ̀ Ọ̀sẹ̀ àti Iṣẹ́ Àánú

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá fún yín lónìí. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Abúlé Ẹ̀gbá ni ó bi mí, èmi kò sì lè dáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ìyá yìí, kò jìnnà sí afárá tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2017. Bí ó ti ń di ẹ̀fọ́ náà, àwọn ọkùnrin àti obìnrin mélòó kan kọjá lọ, aṣọ wọn mọ́, olúkúlùkù wọn sì fi àmì kékeré kan tí ó dàbí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí àyà. Ìyá náà wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá, ó sì wí fún mi pé: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń lọ sí ìpàdé. Ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n kó ìwé àti àpò wá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa. Wọ́n ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pín in. Kí ni wọ́n wá ń fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta tí ó kù ṣe? Ṣé oúnjẹ ni wọ́n kàn ń jẹ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìyá, ẹ fún mi ní àyè. N ó padà wá.” Ohun tí mo lọ kà, tí mo sì rò, òun ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Kí iṣẹ́ ìlú tó kó àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko, àáró ni àwọn baba wa fi ń ro ilẹ̀. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà yóò kó ara wọn jọ. Lónìí wọn a ro oko ẹni kìn-ín-ní, ní ọ̀la wọn a ro ti ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, nítorí ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún ni ó ń bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó sì ń fi oúnjẹ tọ́jú wọn ní ọjọ́ náà. Èsúsú náà, àáró owó ni. Nínú àáró àti èsúsú, òfin kan ni ó wà: ẹni tí ó bá ń yọjú kìkì nígbà tí ó kan tirẹ̀, òun ni yóò tú ẹgbẹ́ ká. Ọkọ́ tí ó mú kò tó láti mú àáró dúró. Ohun tí ó ń mú un dúró ni pé olúkúlùkù mọ̀ dájú pé ẹnìkejì òun yóò wá.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà nípa bí ẹgbẹ́ Rotary, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ti bẹ̀rẹ̀. Amòfin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paul Harris ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ti dàgbà, ní abúlé kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, níbi tí olúkúlùkù ti mọ aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìlú ńlá Chicago, ó rí iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rẹ́ bí ó ti ń rí wọn ní abúlé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn pàdé: Gustavus Loehr tí ó mọ iṣẹ́ ìwakùsà, Silvester Schiele tí ó ń ta èédú, àti Hiram Shorey tí ó ń ránṣọ. Ọ́fíìsì Loehr ni wọ́n ti kọ́ pàdé. Lẹ́yìn náà, ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí yí láti ọ́fíìsì ẹnìkan dé ti ẹlòmíràn. Nítorí yíyí yìí ni wọ́n ṣe sọ ẹgbẹ́ náà ní Rotary, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń yí ká. Ẹ̀yin ará, kí ni èyí bí kò ṣe àáró?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ àti òwò ara wọn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó bá ń pàdé déédéé, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ìlú. Ní ọdún 1907, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́lé fún gbogbo ènìyàn ni pé kí a kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú sí àárín Chicago. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi ń gba oyè, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí ìlú ń fẹ́. Ní ọdún 1961, ẹgbẹ́ náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Kánò àti ní Èkó. Lónìí, iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ǹjẹ́, kí ni wọ́n ń ṣe nínú ìpàdé náà? Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí. Ààrẹ yóò lu agogo, gbogbo ènìyàn yóò sì dìde. A ó fi àwọn àlejò hàn. Nínú ẹgbẹ́ púpọ̀, ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn kékeré. Ẹ̀rín ni a fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé yóò sọ ibi tí iṣẹ́ dé, akápò yóò sọ iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan yóò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀: lónìí dókítà, ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ olùkọ́, ní èyí tí ó tẹ̀lé e ẹni tí ń tún ọ̀nà ṣe. Wọn a sì máa rán ara wọn létí ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor kọ ní ọdún 1932, nígbà tí ó ń gba ilé iṣẹ́ kan là tí gbèsè fẹ́ gbé mì ní Chicago. Ìtumọ̀ wọn nìyí: ohun tí a fẹ́ sọ tàbí tí a fẹ́ ṣe, ṣé òtítọ́ ni? Ṣé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tí ó kàn? Ṣé yóò mú ìrẹ́pọ̀ pọ̀ sí i? Ṣé yóò ṣe gbogbo wọn ní àǹfààní? Ilé tí ó bá ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin yìí kí ìjà tó dé, ìjà yóò dínkù níbẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wọn le lórí wíwá sí ìpàdé. Ẹni tí kò bá lè wà ní ìpàdé tirẹ̀ a máa lọ jókòó nínú ìpàdé Rotary mìíràn, ní ìlú yòówù kí ó wà, kí a lè kà á sí pé ó wá. Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ òfin wọn dẹ okùn náà díẹ̀, wọ́n sì gba ẹgbẹ́ láàyè láti máa pàdé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ọdún kan péré ni ààrẹ ń lò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ẹlòmíràn gbà á. Bí ìpàdé kò bá sí, iṣẹ́ ọdún yìí yóò kú pẹ̀lú ààrẹ ọdún yìí. Ìpàdé ni ó ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá sọ pé èyí kò tíì tó ìdáhùn, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ èso tí igi yìí so.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọmọ tí ó sáré lánàá yóò jí pẹ̀lú ibà, nígbà tí ibà náà yóò bá sì fi lọ, ẹsẹ̀ kan ti rọ, kò sì ní gbé e mọ́ láé. Kò sí oògùn tí ń wo ẹsẹ̀ náà sàn. Ohun tí ó wà ni oògùn àjẹsára tí a ń kán sí ẹnu ọmọ kí àrùn tó dé. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ Rotary bẹ̀rẹ̀ sí ran ìjọba Philippines lọ́wọ́ láti fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní oògùn yìí. Ní ọdún 1985, wọ́n pinnu pé gbogbo ayé ni àwọn yóò ràn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ kó 120 mílíọ̀nù dọ́là jọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1988, ohun tí wọ́n kó jọ ti tó 247 mílíọ̀nù. Ní ọdún 1988 yìí kan náà, àwọn ìjọba ayé pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ohùn sí i pé kí a lé àrùn náà kúrò láyé. Ní ìgbà náà, a ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tí ó ń rọ lọ́dọọdún tó 350,000.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kánò dá oògùn náà dúró, nítorí a ti sọ fún àwọn òbí pé yóò sọ àwọn ọmọbìnrin wọn di àgàn. Ẹ wo bí nǹkan ti rí: ní ọdún 2003 sí 2004 yẹn gan-an, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ Rotary fún gbogbo ayé ni Jonathan Majiyagbe, amòfin tí ó ń gbé Kánò, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ìlú tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dì. Ní ọdún 2004, Kánò tún bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ní oògùn, ṣùgbọ́n àrùn náà ti tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2012, nínú 223 ọmọ tí àrùn náà mú ní gbogbo ayé, 122 ni ó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ta ni kò ní sọ pé kí a fi sílẹ̀? Wọn kò fi sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn ọba, àwọn ìmáàmù, àwọn àlùfáà àti àwọn obìnrin àdúgbò ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún 2016, ní Borno, ni a rí àrùn náà kẹ́yìn nínú irú rẹ̀ ti àtètèkọ́ṣe. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọdún 1985 dé ọdún 2020, ọdún márùndínlógójì ni. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀, ó lé ní 1,800 ọ̀sẹ̀. Ìyá wa béèrè ohun tí a ń fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ṣe, èyí ni. Ẹni tí ó fún ni ní ìrẹsì ní ọjọ́ kan ṣe ohun rere, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ti lè lé àrùn kúrò láyé ní ọjọ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Síbẹ̀, kí òbí má ṣe sọ pé ó ti tán: irú mìíràn, èyí tí ń ti ara oògùn ẹnu yí padà níbi tí àjẹsára kò bá ti kárí àwọn ọmọ, ṣì ń yọjú ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró lórí ọmọ yín.

N kò sọ èyí kí a lè máa yin ẹgbẹ́ kan bí ẹni pé kò ní àbùkù. Títí di ọdún 1989, òfin Rotary kò gba obìnrin. Ẹgbẹ́ kan ní Duarte, ní California, gba àwọn obìnrin mẹ́ta wọlé, a sì yọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú Rotary nítorí rẹ̀; ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, tí ó dá a ní ọdún 1987 pé a kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ obìnrin. Ní ọdún 2022, obìnrin kan láti Kánádà, Jennifer Jones, di ààrẹ gbogbo ayé. Ó yẹ kí ìlẹ̀kùn náà ti ṣí tipẹ́. Àbùkù mìíràn wà tí kò mọ sí ẹgbẹ́ kan: òun ni pé kí a to àwọn ọmọ tálákà sí òòrùn, kí a fi àpò ìwé lé wọn lọ́wọ́, kí a sì máa ya àwòrán wọn títí ojú yóò fi tì wọ́n. Ẹ̀bùn tí ó bá dójú ti ẹni tí ó gbà á, gbèsè ni ó dá sí i lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Abúlé Ẹ̀gbá wàyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn olè ti lu ọ̀pá epo tí ó gba ilẹ̀ náà kọjá. Bí epo ti ń tú jáde, àwọn ènìyàn gbé garawa àti kẹ́ẹ̀gì lọ bù ú, iná sì sọ. Ó ju 200 ọkàn lọ tí ó ṣègbé ní òwúrọ̀ kan. Àwọn Red Cross Nàìjíríà sáré wá láti gbé àwọn tí ó fara pa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀pá epo tún gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá yìí kan náà. Ẹ̀mí tún lọ, ilé àti ọkọ̀ sì jóná. N kò dá àwọn òkú lẹ́bi. Àìní ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn síta. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi léèrè pé: lẹ́yìn iná, kí ni aṣọ àti ìrẹsì lè ṣe fún ẹni tí ó ti lọ? Àánú tí ó lè gbà á là ni èyí tí ó ti wà kí iná tó dé: àdúgbò tí ó ń pàdé déédéé, tí baálé ilé, ọ̀dọ́ àti ìyá ọlọ́jà ti mọ ohùn ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá kígbe pé “Ẹ má lọ síbẹ̀ o,” a ó gbọ́ tirẹ̀. A kì í gbọ́ ìkìlọ̀ lẹ́nu àjèjì.

Mo padà tọ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ, mo sì sọ gbogbo èyí fún un bí mo ti lè sọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń já ewé. Lẹ́yìn náà ó ní: “Bàbá, àbúrò mi ọkùnrin kan wà ní ilé wa tí ó ń fi igi rìn. Àrùn yẹn ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ń kán oògùn kọ́kọ́ wá sí ojúlé wa ní Èkó níhìn-ín, èmi ni mo lé wọn. Wọ́n ní yóò ba inú ọmọ mi jẹ́. Ọmọbìnrin kan náà tún padà wá, mo tún lé e. Nígbà tí ó wá ní ìgbà kẹta, ó kí mi, ó béèrè ọjà, ó béèrè ọmọ. Mo ní, ẹni tí kò bá fẹ́ràn wa kò ní wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbé ọmọ fún un.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. Ìgbà kẹta yẹn ni iṣẹ́ àánú.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí bóyá ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́. Mo bi í bóyá òun ń dá èsúsú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjìlá ni wọ́n, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń kó o jọ. Mo ní, “Ẹgbẹ́ yín ti wà nìyẹn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo sọ fún un ni mo sọ fún yín. Ẹ má ṣe dúró de ẹgbẹ́ ńlá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń dá èsúsú, ẹ fi díẹ̀ kún un sí ọ̀tọ̀ fún ẹni tí àìsàn bá mú nínú yín tàbí ní àdúgbò yín. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá béèrè pé: ta ni a kò rí ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ọmọ ta ni kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ta ni a kò tíì kán oògùn fún ọmọ rẹ̀? Kí ẹni tí ó ń pa owó mọ́ máa ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo yín, nítorí àìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ẹgbẹ́. Bí ẹ bá sì fún ẹnìkan ní nǹkan, ẹ padà lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e láìmú nǹkan lọ́wọ́, kí ó lè mọ̀ pé òun ni ẹ ń wá, pé kì í ṣe ọpẹ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn tí ó fi àmì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí àyà, nígbà tí wọ́n tún ń kọjá lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá wa nawọ́ kí wọn, ó ní, “Ẹ kú ìpàdé o.” Wọ́n dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn sì dúró ra ẹ̀fọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.